Màámi ní kò dùn wọ́n, àmọ́ mo ń rí i

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ káàsán o. Orúnkún ti ń dun màámi ó lé lọ́dún mẹ́ta, dókítà ní kí wọ́n fi nọ́ńbà sọ bó ṣe ń dùn wọ́n tó, láti 0 (kò dùn rárá) dé 10 (ó dùn jù), wọ́n ní 2! Àmọ́ láàárọ̀ yìí wọ́n fẹ́ dìde lórí àpótí, wọ́n fọwọ́ pa orúnkún títí, wọ́n wá mí kanlẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Ṣé ọ̀nà wà téèyàn fi lè wo ìrora lójú?

Nọ́ọ̀sì Ìlọrin: Ó wà. Láti 1982 ni àwọn olùwádìí méjì, Keefe àti Block, ti ya fídíò àwọn tẹ́yìn ń dùn, bí wọ́n ṣe ń jókòó, tí wọ́n ń dìde, tí wọ́n ń rìn, wọ́n wá ń ka nǹkan 5: kéèyàn máa rìn gan-n-gan, kó máa fọwọ́ ti nǹkan, kó máa fọwọ́ pa ojú ibẹ̀, kó fajú ro, kó mí kanlẹ̀. 2 ti wà nínú èyí tẹ́ ẹ kọ yẹn o. Tí màmá bá gbà, ẹ ya wọ́n sórí fóònù, kẹ́ ẹ fi han dókítà.

Àdùkẹ́: Bàbá wa l'Ómù-Àrán ò dá wa mọ̀ mọ́, PAINAD, ìwọ̀n ìrora fáwọn tí iyè wọn ti ra gan-an, ni wọ́n fi wò wọ́n: èémí, igbe, ojú, ara, àti bóyá wọ́n ń gba ìtùnú, 0 sí 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ìrora tó ti pẹ́ lára, ojú lè má yí padà rárá. Ẹ wo ohun tí wọn ò ṣe mọ́.

Ọmọ Ọ̀fà: Háà. Ó ti tó oṣù méjì tí màámi ti dé ọjà Ọ̀wọ́dé kẹ́yìn.