Báwo ni ọmọ tó ń wá ààyè ní yunifásítì Amẹ́ríkà ṣe lè di ẹni tí àwọn admission officer mọ̀?

Màmá Ìbejì, Ìbàdàn
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọmọ mi obìnrin ti wọ SS3, ó sì fẹ́ fi Common App, fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ yunifásítì jọ ń gbà, wá ààyè ní yunifásítì mẹ́fà ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ní kó máa kọ ímeèlì sí àwọn admission officer, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì tó ń yẹ fáìlì àwọn tó ń wá ààyè wò, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n, àwọn mìíràn ní àrífín ni. Ta ni kó kọ ọ́ sí? Kí ni kó sọ? Ṣé kí èmi náà kọ?

Olùkọ́ Àgbà
Ẹ kú àbójútó ọmọ, Mà. "Mímọ èèyàn" ti ọ̀hún yàtọ̀ sí tiwa. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ìgbìmọ̀ ló ń pinnu, kò sẹ́ni tó lè dá ọmọ mú wọlé. Ṣùgbọ́n officer tó ń mójú tó agbègbè wa ló sábà máa ń kọ́kọ́ ka fáìlì, òun ló sì ń gbé e síwájú ìgbìmọ̀. Tó bá ti mọ irú iléèwé tí ọmọ ti ń bọ̀, á rí nǹkan sọ. Ẹ wá a lórí ìkànnì iléèwé náà níbi tí wọ́n kọ "Find your admissions counselor" sí, kí ẹ yan Nigeria. Nígbà míì, ẹnì kan ló ń bójú tó gbogbo Áfíríkà.

Kó tó kọ ohunkóhun, ẹ wá Common Data Set iléèwé náà, ìyẹn ìwé tí iléèwé fi ń ṣàlàyé bó ṣe ń gba ọmọ wọlé, kí ẹ lọ sí apá tí wọ́n pè ní C7. Ẹ máa rí "Level of applicant's interest", ìyẹn bóyá wọ́n ń wo bí ọmọ ṣe fẹ́ iléèwé náà tó. MIT àti Yale fàmì sí "Not considered" níbẹ̀. Ogún ímeèlì ò lè fi nǹkan kan kún ti ọmọ ní irú ibẹ̀ yẹn, àfi tó bá ní ìbéèrè gidi. Níbi tí wọ́n bá ti fàmì sí "Considered" tàbí "Important", kó forúkọ sílẹ̀ fún ímeèlì wọn, kó sì máa ṣí wọn. Ọ̀pọ̀ iléèwé ń lo Slate, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn tó ń wá ààyè, èyí tó ń fi hàn wọ́n ẹni tó ṣí i àti ẹni tó tẹ línkì.

Bọ̀dé_Abẹ́òkúta
Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó kọ ọ́, Mà. Ẹ̀yin lè kọ sí ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ nípa CSS Profile (fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́) àti ìwé báǹkì, kó parí síbẹ̀.

Ímeèlì tó fi ṣí Common App ni kó lò títí dé òpin, àti orúkọ bó ṣe wà nínú páálí ìrìnnà. Ibí làwọn ọmọ wa ti ń kọsẹ̀ jù: WAEC ń pè é ní Ọláìyá Bọ́lá, páálí ń pè é ní Adébọ́lá Grace Ọláìyá, fáìlì á di méjì, èsì ìdánwò á sì wà nínú èyí tẹ́nikẹ́ni ò kà. Tí orúkọ bá yàtọ̀, kó ṣàlàyé rẹ̀ ní ìlà kan.

Kí lẹ́tà má ju 150 ọ̀rọ̀ lọ. Kó kọ orúkọ, iléèwé, ìlú àti ọdún tó fẹ́ wọlé sórí àkọlé. "Dear Ms." àti orúkọ ìdílé ti tó, kó yọ "Esteemed Sir/Ma" kúrò. Ìbéèrè kan ṣoṣo, tí ìdáhùn rẹ̀ kò sí lórí ìkànnì. Bí àpẹẹrẹ: oṣù kẹjọ ni èsì WAEC sábà máa ń jáde, ìgbà náà gan-an ni wọ́n ń wọlé lọ́hùn-ún, ṣé wọ́n á fi èsì sáà SS3 àti máàkì tí olùkọ́ fojú sọ́nà fún ṣèpinnu? Irú ìbéèrè yìí ń kọ́ officer náà ní nǹkan nípa wa.

Tí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá bá kọjá láìsí èsì, kó rán an létí lẹ́ẹ̀kan, kó sì fi í sílẹ̀. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, fáìlì ni wọ́n ń kà. Kó má wá a lọ sórí Facebook tàbí WhatsApp, ẹ má sì fi ẹ̀bùn kankan ránṣẹ́, ì báà jẹ́ àdìrẹ ẹyọ kan. Ẹ̀bùn ń kó wọn sí wàhálà.

Àdùkẹ́ L.
Ẹ ṣọ́ aago o. Ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi sí aago méje alẹ́ ní New York, aago méjìlá òru ni níbí. Láti ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, ó di aago kan òru, torí wọ́n ti dá aago tiwọn padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń pàdánù rẹ̀ báyìí. Kó gba agbára sí fóònù, kó ra dátà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kó fi ìlà mẹ́ta dúpẹ́, kó dárúkọ ohun kan tó gbọ́ níbẹ̀.

Ẹ máa wo kàlẹ́ńdà EducationUSA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gba àwọn tó fẹ́ kàwé lọ́hùn-ún nímọ̀ràn, ti Èkó àti Abuja náà fún ìgbà tí àwọn officer bá ń bọ̀.

Màmá Ìbejì, Ìbàdàn
Ẹ ṣeun púpọ̀. Tí wọ́n bá wá fi í sí waitlist, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn tó ń dúró bóyá ààyè á ṣí, ńkọ́?

Olùkọ́ Àgbà
Lẹ́tà kan ṣoṣo, ojú ewé kan. Ohun tuntun nìkan ni kó wà nínú rẹ̀: èsì sáà, ìdíje tó borí, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tí iléèwé bá ní àyè fún un lórí portal, ìyẹn ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣí fún ọmọ náà, ibẹ̀ ni kó fi sí. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé àwọn ò fẹ́ ìwé kankan mọ́, kó má kọ. Kó béèrè bóyá owó ìrànwọ́ ṣì kù fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, torí ó lè ti tán. Kó sì gba ààyè tó bá ti ní níbòmíràn kó tó kọjá ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún. Ẹ̀yìn ọjọ́ yẹn ni waitlist sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mì.