Báwo ni mo ṣe lè se oúnjẹ ọ̀sán ọkà àti ẹ̀wà tí kò ní ẹran sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tí kò ní bàjẹ́?

Akọ̀wé Agódi

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Sẹkitéríàtì Agódi ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ kì í sì í tíì mọ́ tán tí mo fi ń jáde nílé. Láti ìgbà tí mo ti fi ẹran àti ẹja sílẹ̀ ni oúnjẹ ọ̀sán ti di wàhálà fún mi, nítorí pé bí mo tilẹ̀ sọ fún àwọn olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì wa pé kí wọ́n má fi ẹran sí i, omi ẹran náà ni wọ́n fi se ọbẹ̀. Mo fẹ́ máa se ìrẹsì tàbí ọkà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀wà lọ́jọ́ Àìkú, kí n pín in sínú abọ́ onídèérí, kí n sì máa gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀wà máa ń tètè kan, iná mànàmáná kì í dúró, kò sì sí ohun tí a lè fi gbé oúnjẹ gbóná ní ọ́fíìsì wa. Irú ẹ̀wà wo ni kí n rà, báwo ni kí n ṣe tọ́jú rẹ̀, kí ni mo sì lè ṣe tí oúnjẹ ọjọ́ Ajé kò fi ní jọ ti Ọjọ́bọ̀ gẹ́lẹ́?

Ìyá Ẹlẹ́wà Mókọ́lá

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni n óò bá yín sọ, torí òun ni mo ń sè tà. Bí ẹ bá dé ọjà Bódìjà, ẹ̀wà olóyin ni wọn yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ sí fún yín, kò sì sí ẹ̀wà tó dùn tó o bí a bá fẹ́ kí ó rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n fún abọ́ tí yóò wà nílẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ̀wà funfun elójú dúdú ni kí ẹ rà, nítorí pé òun ló máa ń dúró ní hóró hóró. Ẹ gbé e súnmọ́ imú kí ẹ tó sanwó. Èmi fẹ́ràn ẹ̀wà tí kòkòrò ti lu díẹ̀ ju èyí tó ń dán gbinrin tó sì ń rùn bí oògùn apakòkòrò lọ.

Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi náà nù, kí ẹ sì fi omi mìíràn sè é láìfi kán-ún sí i. Òótọ́ ni pé kán-ún ń mú ẹ̀wà rọ̀ kíákíá, àmọ́ ó tún ń ba fítámì B1 inú rẹ̀ jẹ́, ẹ̀wà tí a sì ti rẹ mọ́jú kò nílò rẹ̀. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ó jinná, ẹ bu hóró kan, kí ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́: inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọ́ láìní koko, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ kò gbọdọ̀ tíì bó. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kí ẹ sì sẹ́ omi rẹ̀ kúrò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da ata mọ́ ọn nínú ìkòkò. Ata ni kí ẹ dín lọ́tọ̀: tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà tí ẹ ti lọ̀, tí ẹ sì ti sè títí omi rẹ̀ fi gbẹ, kí ẹ tó dà á sínú epo pupa. Ẹ máa rò ó lórí iná kékeré títí epo yóò fi là sókè tí ata yóò sì dúdú díẹ̀. Irú wooro ni kí ẹ wá bù sí i, kí ẹ má ṣahun, nítorí ẹni tí kò jẹ ẹran ni irú wúlò fún jù. Ata tó gbẹ dáadáa báyìí kì í tètè bàjẹ́ nínú fíríìjì.

Onímọ̀ Oúnjẹ

Gbogbo ohun tí ìyá wa sọ ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìrẹsì ló yẹ kó bà yín ju ti ẹ̀wà lọ. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus, tó máa ń fara pamọ́ sínú èèpo líle kan tí omi híhó kì í lè pa á. Bí ìrẹsì bá jókòó nínú ìkòkò pẹ̀lú ìlọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kòkòrò náà yóò jí, yóò pọ̀ sí i, yóò sì pọ májèlé tó ń fa èébì sínú oúnjẹ. Májèlé yìí kì í kúrò bí a bá tún oúnjẹ náà gbé kaná, nítorí náà, àṣà wa tí a fi ń sọ pé "ẹ jẹ́ kí a gbé e gbóná, kò tíì kan jù" kò lè gba ẹnikẹ́ni là níbí.

Bí ìrẹsì bá ti jinná, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí tíréè ńlá, kí ẹ sì jẹ́ kí fáànù fẹ́ sí i. Ìkòkò ẹ̀wà ní tirẹ̀, ẹ gbé e jókòó sínú báàfù omi tútù, kí ẹ máa rò ó, kí ẹ sì pààrọ̀ omi náà nígbà tó bá lọ́wọ́ọ́rọ́. Láàárín wákàtí 2 ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wọ fíríìjì. Bí ooru bá mú kọjá 32°C, bí ó ti máa ń rí nínú oṣù Kejì àti Ìkẹta níhìn-ín, wákàtí 1 péré ni ẹ ní.

Nínú fíríìjì tí kò gbóná ju 4°C lọ, ọjọ́ 3 sí 4 ni ìrẹsì àti ẹ̀wà sísè lè lò. Ìtumọ̀ èyí ni pé oúnjẹ Ọjọ́bọ̀ àti ti ọjọ́ Ẹtì gbọ́dọ̀ wọ fírísà láti ọjọ́ Àìkú gan-an. Ẹ má dúró di Ọjọ́rú kí ẹ tó ronú kàn án. Ẹ dà wọ́n sínú ọ̀rá, kí ẹ tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ kí wọ́n lè tètè dì. Ní ti iná, fírísà tó kún tí a kò ṣí lè mú oúnjẹ dúró ní dídì fún nǹkan bí wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì fún 24, ṣùgbọ́n fíríìjì kò lè kọjá wákàtí 4. Bí oúnjẹ yín kò bá tó láti kún fírísà, ẹ fi omi inú ọ̀rá dí àyè tó kù.

Nítorí pé kò sí ohun ìgbóná ní ọ́fíìsì, ẹ ra kúlà oúnjẹ tó dára. Ẹ kọ́kọ́ da omi híhó sínú rẹ̀, kí ẹ dé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ dà á nù, lẹ́yìn náà ni kí ẹ bu oúnjẹ tó ń hó sí i. Ẹ má bu oúnjẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú kúlà láé.

Fítámì B12 kò sí nínú ohun ọ̀gbìn. Bí ẹ kò bá jẹ ẹyin, tí ẹ kò sì mu wàrà, ẹ bá dókítà sọ ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà n'Íbàdàn

Èmi kò rí ìdí tó fi yẹ kí a máa di abọ́ márùn-ún láti ọjọ́ Àìkú. Ibẹ̀ gan-an ni oúnjẹ gbogbo ọjọ́ ti ń di ọ̀kan náà. Ẹ tọ́jú ọkà lọ́tọ̀, ẹ̀wà lọ́tọ̀, ata lọ́tọ̀, kí ẹ wá máa pò wọ́n lálaalẹ́. Ìrẹsì ọ̀fadà pẹ̀lú ẹ̀wà funfun àti ata dídín lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀wà yìí kan náà lè bá àgbàdo lọ, kí ó di àdàlú. Ẹ̀gbo ń kọ́? Ó máa ń pẹ́ lórí iná lóòótọ́, àmọ́ ó ń dì dáadáa nínú fírísà. Ẹ tún lè se ọkà bàbà ní hóró hóró, kí ẹ sẹ́ ẹ bí ìrẹsì, kì í lẹ̀ mọ́ra, ó sì máa ń jẹ́ kí ebi pẹ́ kó tó pani.

Òtílí ni tèmi o, ẹ má bínú. Ó le, alẹ́ ọjọ́ kan kò pọ̀ jù láti rẹ ẹ́, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kò sí lára ẹ̀wà mìíràn. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a bọ̀ tí a sì fún gbẹ ni mo máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kúkúńbà àti kábéèjì, àárọ̀ ni kí ẹ gé wọn, inú ike ọ̀tọ̀ sì ni kí wọ́n wà, nítorí inú kúlà wọn yóò rọ.

Akọ̀wé Agódi

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín. Títọ́jú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bá mi lára mu. Ẹ̀yin ìyá wa, báwo ni ẹ̀wà àti ìrẹsì gbígbẹ tí yóò tó mi fún ọjọ́ márààrún ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

Ìyá Ẹlẹ́wà Mókọ́lá

Ife kan ẹ̀wà gbígbẹ máa ń di nǹkan bí ife méjì ààbọ̀ tó bá jinná, ti ìrẹsì sì máa ń di bíi mẹ́ta. Ife méjì ẹ̀wà àti ife méjì ìrẹsì yóò tó ẹnì kan, àfi bí ẹnìkejì bá ń ti ọwọ́ bọ abọ́ yín ní ọ́fíìsì. Tí ẹ bá fẹ́ dán òtílí wò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, ìkòkò ọ̀tọ̀ ni kí ẹ fi sè é, nítorí ẹ̀wà funfun yóò ti fọ́ tán kí òtílí tó rọ̀.