Ọ̀rọ̀ ẹja kápù (carp) tó ń jí àgbàdo mi jẹ ti níyanjú

Ẹ ṣeun àdúrótì o. Lóṣù tó kọjá ni mo bèèrè ìdí tí kápù inú adágún ìtòsí wa ní Kent, ní England, fi ń jẹ àgbàdo ẹnu ìwọ̀ mi tán tí ìwọ̀ kì í kọ́ ọ. Ẹ̀bi mi ni. Mo ń fi àgbàdo bo ìwọ̀ mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí mò ń dẹ ẹpìà nílé. Kápù kì í sáré gbé ìdẹ mì. Á fà á sẹ́nu, á tọ́ ọ wò, á tu ú dànù.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n lo hair rig ló gbà mí. Ìwọ̀ á wà lásán, àgbàdo méjì á so rọ̀ lára òwú tín-ín-rín nídìí rẹ̀. Bí ẹja bá ti fẹ́ tu ìdẹ, ìwọ̀ á há a létè. Ní Sátidé, kò ju ìṣẹ́jú 40 lọ tí okùn fi sáré! Ìwọ̀n ẹja náà jẹ́ pọ́n-ùn 11. Mo fi omi rin ọwọ́ àti ẹní kí n tó tẹ́ ẹ sí i, mo yọ ìwọ̀, mo dá a padà sómi. Màmá mi ò tíì dárí jì mí: "O rí ọbẹ̀, o dà á nù?"

Ẹni tó bèèrè bóyá èèyàn nílò ìwé àṣẹ láti fi ìwọ̀ pẹja, bẹ́ẹ̀ ni: ní England, ẹni ọdún 13 sókè gbọ́dọ̀ ní in. Ìbéèrè tèmi tán.