Ta ló yẹ kó san owó orí lórí mọ́tò tí ilé-iṣẹ́ fún mi?

Màmá Tóbi, Iléṣà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi ni mánijà níbi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìẹ, lójú ọ̀nà Òṣogbo. 200,000 náírà ni owó oṣù mi, wọ́n sì ń yọ owó pẹ́ńṣọ̀n níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá wa ra Corolla tòkunbọ̀ ní 6,000,000, ó ní kí n máa lò ó. Ilé tí mò ń gbé ní Ìmọ̀ náà, ilé-iṣẹ́ ló ń san owó rẹ̀, 360,000 lọ́dún.

Ní January, owó orí tí wọ́n yọ jẹ́ 17,600. Nígbà tó di February, mo rí 42,600! Akántáǹtì ní 25,000 tó lé yẹn, ti mọ́tò ni. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ló wà nínú ìwé ọkọ̀ o. Ọjọ́ tí mo bá kúrò níbẹ̀, màá dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ta ló wá yẹ kó san owó orí rẹ̀, èmi àbí àwọn? Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni mo fẹ́ fi owó yẹn san.

Ọmọ Obòkun
Ẹ má gbà fún wọn, ma. Ẹni tó ni mọ́tò ni kó san owó orí mọ́tò. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá yín.

Ìyá Ìbejì, Ìsọ́kùn
Ṣé ẹ máa ń gbé e lọ sílé? Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ nìkan lẹ fi ń ṣe, tó sì ń sùn sí ọgbà ilé-iṣẹ́, ẹ lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Màmá Tóbi
Mo máa ń gbé e wálé, ma. Òun ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sí iléèwé, òun la fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá Káyọ̀dé, Ilé-Ifẹ̀
Ìṣirò owó oṣù òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ọmọ Obòkun, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlò mọ́tò náà ni òfin kà sí owó tó wọlé fún òṣìṣẹ́, nítorí náà òṣìṣẹ́ ni owó orí rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ ni pé kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù, kí wọ́n sì san án fún ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé, ó pẹ́ tán ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e. Bí wọn ò bá yọ ọ́, àwọn ni ìjọba máa dì mú, tòun ti owó ìtanràn. Akántáǹtì yín kò jẹ̀bi pé ó yọ owó.

Iye tó yọ ló burú. Màmá Tóbi, fara balẹ̀ kà á. Òfin ní kí wọ́n mú 5% iye tí wọ́n ra mọ́tò náà, kí wọ́n fi kún owó tó wọlé fún ọ lọ́dún. 5% nínú 6,000,000 jẹ́ 300,000. Pín in sí oṣù 12, 25,000 ni. Ṣé o rí i? 25,000 yẹn kì í ṣe owó orí rárá! Iye àǹfààní tí o jẹ lóṣù ni, orí rẹ̀ ni wọ́n ti máa wá ṣírò owó orí. Akántáǹtì yọ àǹfààní náà lódindi.

Nínú òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026, kò sí owó orí lórí 800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún. 15% ni wọ́n ń gbà lórí 2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni ìwọ wà. 15% nínú 25,000 jẹ́ 3,750. Wọ́n ti gba 21,250 lé e lọ́wọ́ rẹ lóṣù kan ṣoṣo. Ó dùn mí, torí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kì í wo ìwé owó oṣù wọn títí ọdún á fi parí.

Ọ̀kan tún kù tí màá sọ, má bínú. Ilé yẹn náà ní owó orí. Bí ilé-iṣẹ́ bá gba ilé fún ènìyàn, wọ́n máa ka owó ilé náà mọ́ owó tó wọlé fún un, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju 20% gbogbo owó tó ń wọlé fún un lọ́dún láìka ilé ọ̀hún. 360,000 tìrẹ kò tó ibẹ̀, wọ́n á kà á tán. 15% nínú rẹ̀ jẹ́ 54,000 lọ́dún, 4,500 lóṣù. Tí a bá ro 17,600, 3,750 àti 4,500 pọ̀, owó orí rẹ lóṣù yóò jẹ́ 25,850.

Ìyá Ìbejì, Ìsọ́kùn
Háà! Oúnjẹ ọ̀san tí wọ́n ń sè fún gbogbo wa níbi iṣẹ́ ńkọ́, sà? Wọ́n tún rán aṣọ iṣẹ́ fún wa.

Bàbá Káyọ̀dé, Ilé-Ifẹ̀
Ẹ jẹun yín, ma. Oúnjẹ tí wọ́n ń sè fún gbogbo òṣìṣẹ́ lápapọ̀ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ iṣẹ́.

Ọmọ Obòkun
Ẹ ṣé, bàbá. Ṣé ọ̀gá wọn ò wá lè bá wọn san án?

Bàbá Káyọ̀dé, Ilé-Ifẹ̀
Ó lè san án bó bá fẹ́, kò sí òfin tó ní kó má ṣàánú. Ṣùgbọ́n owó orí tó bá wọn san yẹn náà ti di owó tó wọlé fún wọn, wọ́n á tún ṣírò owó orí lé e.

Màmá Tóbi
Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo mú ìṣirò yín lọ bá akántáǹtì láàárọ̀ yìí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀ mí, ó ní òun máa dá 21,250 padà sínú owó March. Èmi fúnra mi ni mo sọ ti ilé fún un. N kò fẹ́ kí gbèsè gorí gbèsè kí wọ́n tó rántí.

Bàbá Káyọ̀dé, Ilé-Ifẹ̀
O ṣe é dáadáa, ọmọ mi. Bí February bá ti lọ sọ́dọ̀ ìjọba ní Òṣogbo, kí wọ́n tún ìwé rẹ̀ kọ kí iye méjèèjì lè bára mu. Kí o sì máa tọ́jú gbogbo ìwé owó oṣù rẹ, wàá nílò rẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí pé o ti san owó orí, torí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n máa ń wò.