Kí n tọ́jú èlùbọ́ mi dòjò ni, àbí kí n gbé e lọ Ìlọrin?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èlùbọ́ iṣu ni mò ń tà ní Òmù-Àrán. Nígbà ọyẹ́ tí iṣu pọ̀, tó sì ń tètè gbẹ, owó èlùbọ́ máa ń wálẹ̀. Tí òjò bá dé, ó á wọ́n gan-an. Mo ti ń lọ̀ ọ́ kúnná, mo sì ń dì í sínú ọ̀rá kékeré fún ẹni tí owó rẹ̀ kò ká kóńgò. Ìyẹn ń tà dáadáa, inú mi sì dùn sí i. Bí mo bá gbé e lọ Ọjà Ọba n'Ílọrin, owó rẹ̀ á lé, àmọ́ owó ọkọ̀ ńkọ́. Bí mo bá sì tọ́jú rẹ̀, ẹ̀rù kòkòrò ń bà mí. Owó ọwọ́ mi kò ká méjèèjì.

Èwo nínú méjèèjì ni kí n kọ́kọ́ fowó sí? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.