Ṣé adùn ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò àtijọ́ ní Amẹ́ríkà ló yí padà, àbí ẹnu àwọn àgbà?

Àdùkẹ́ Olùtọ́jú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Amẹ́ríkà níbí, ọ̀rọ̀ ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ìgbà èwe wọn kì í sì í tán lẹ́nu àwọn tí mò ń tọ́jú. Ẹni tó dàgbà sí Maine á ní Moxie kò lẹ́gbẹ́, ará Detroit á fi Vernors búra, ẹni tó ti North Carolina wá á sì máa bi mí léèrè Cheerwine bí ẹni pé èmi ni mo gbé e pamọ́. Bí a bá wá rí ọ̀kan rà, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á mirí, wọ́n á ní bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀ kọ́ nìyí. Kí ló dé tí ìpínlẹ̀ kan fi ń ṣàárò ohun tí ìpínlẹ̀ kejì kò mọ̀ rárá? Ṣé adùn yẹn sì ti yí padà lóòótọ́?

Bàbá Apòògùn:
Àdùkẹ́ ọmọ mi, ọ̀dọ̀ àwa oníṣègùn ni púpọ̀ nínú wọn ti ṣẹ̀. Apòògùn ni James Vernor tó bẹ̀rẹ̀ Vernors, tí wọ́n fi atalẹ̀ ṣe, ní Detroit ní 1866. Augustin Thompson ló ṣe Moxie ní Lowell, ní Massachusetts. Oògùn ló sì jẹ́ ní 1876 kí ó tó di ohun mímu tó ń hó. Gbòǹgbò gentian ló mú kí ó korò, kò sì sí ẹni tí wọn kò fi tọ́ dàgbà tó lè tètè fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ti ìpínlẹ̀, ìgò gíláàsì wúwo, wọ́n sì ní láti dá òfìfo rẹ̀ padà kí wọ́n lè fọ̀ ọ́, kí wọ́n tún rọ òmíràn sí i, nítorí náà kò ṣeé kó rìn jìnnà. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ló ń rọ ọ́ sí ìgò, olúkúlùkù sì ní agbègbè tí kò gbọ́dọ̀ tajà kọjá. Cheerwine, tó bẹ̀rẹ̀ ní Salisbury ní 1917, ọwọ́ ìdílé tó dá a sílẹ̀ ló ṣì wà.

Kọ́lá Texas:
Ahọ́n àwọn arúgbó yẹn kò purọ́. Ìjọba dín ṣúgà tó ń ti òkè òkun wọlé kù, ó wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àgbàdo pọ̀ lọ rẹpẹtẹ. Nígbà tí 1984 fi máa parí, Coca-Cola àti Pepsi ti fi omi ṣúgà àgbàdo rọ́pò ṣúgà gidi. Ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Dublin, ní Texas níbí, kọ̀ jálẹ̀, ó ń fi ṣúgà ìrèké ṣe Dr Pepper, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò mìíràn, àwọn ènìyàn sì ń wakọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn nítorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ agbègbè tí Bàbá sọ yìí gan-an wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀, títí tí Dr Pepper ti Dublin fi dópin ní oṣù kìíní 2012.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ má di gbogbo rẹ̀ ru ṣúgà. Bí wọ́n ṣe ń mu ún náà wà ńbẹ̀. Ní ìhà gúúsù, àwọn àgbà a máa da ẹ̀pà oníyọ̀ sí ọrùn ìgò kólà. Bí ó bá ti ń hó bọ̀ lókè, wọ́n á yára fi ẹnu gbè é, wọ́n á máa mu, wọ́n á máa jẹ, nígbẹ̀yìn wọ́n á gbá ìdí ìgò kí ẹ̀pà tó ti rọ̀ lè jábọ́. Ta ló fẹ́ ṣe ìyẹn pẹ̀lú agolo?

Àwọn mìíràn á ní MoonPie ni kí ẹ fún àwọn, bisikíìtì tí wọ́n fi marshmallow, ohun dídùn rírọ̀ kan, há láàárín tí wọ́n sì fi ṣokoléètì bò, láti Chattanooga, pẹ̀lú RC Cola. Ti Necco Wafers, súìtì pẹlẹbẹ kan, ló yà mí lẹ́nu: bí ẹfun ló rí lẹ́nu mi, síbẹ̀ nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ kógbá wọlé ní 2018, ńṣe ni àwọn ènìyàn ń rà á jọ. Ó padà sórí àtẹ ní 2020.

Àdùkẹ́ Olùtọ́jú:
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀pà kò ṣeé ṣe fún màmá tó ń lo eyín àtọwọ́dá o! Níbo ni mo ti lè rí oníṣúgà gidi?

Kọ́lá Texas:
Ẹ wo ìgò tó ti Mẹ́síkò wá. Bí Ìrékọjá àwọn Júù bá sì ti ń sún mọ́lé, ẹ wá Coca-Cola tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ṣúgà gidi ni wọ́n fi ṣe é, nítorí púpọ̀ nínú àwọn Júù kì í fẹnu kan àgbàdo lásìkò náà. Ẹ tètè rà á, kì í pẹ́ tán.