Èsì: "Àìlèfọhùn" kọ́ ni Betroffenheit

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkálẹ̀.

Alàgbà tó ń túmọ̀ àkọlé iṣẹ́ ijó òkèèrè fún wa kọ̀wé lánàá pé "Àìlèfọhùn" ni kí a máa pe Betroffenheit (ọ̀rọ̀ Jámánì ni), iṣẹ́ ijó àti eré orí ìtàgé tí Crystal Pite, tó ń ṣẹ̀dá ijó, àti Jonathon Young, òṣèré, gbé jáde ní Toronto ní 2015. Wọ́n tún ní kí a má fi ọ̀rọ̀ Jámánì da ara wa láàmú, nítorí àwọn ará Kánádà ló ni iṣẹ́ náà. Mo júbà àgbà o, ṣùgbọ́n "àì-" yìí ti sú mi. Ohunkóhun tí a kò bá ti rí orúkọ fún, a ó kàn fi "àì-" dé e lórí bíi fìlà.

Ṣé ẹ wo iṣẹ́ náà? Young pàdánù ọmọbìnrin rẹ̀ nínú iná ní 2009. Lórí ìtàgé, inú yàrá kan ló wà, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ń bi í léèrè, ó ń fèsì, wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ ní àsọtúnsọ. Ẹnu kò dákẹ́ rárá! Ó di apá kejì kí ọ̀rọ̀ tó tán, kí ó tó ku ara nìkan. Ta wá ni kò lè fọhùn níbẹ̀?

Inú "treffen" ni ọ̀rọ̀ Jámánì yẹn ti wá: kí nǹkan ba nǹkan, bí òkò ṣe ń ba ẹyẹ. Ẹni tí ọ̀ràn bà, tó ṣì wà lórí ìdúró. (Ẹ má sọ pé kí a wá pè é ní "ìbà". Ìbà tí à ń jú ńkọ́?) Màmá tó tọ́ mi ní Ìsẹ́yìn, bí wọ́n bá lọ kí ẹni tí ọmọ kú fún, wọn á ní, "Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ." Lẹ́yìn náà wọn á máa sọ̀rọ̀ lọ ràì, lórí àgbàdo, lórí òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀. Ẹnu wọn kò wọlẹ̀. Èsì ni kò sí.

Nítorí náà, ÌPÈSÌJẸ ni tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ kọ "apèsìjẹ" kó rọra: "a-" ń tọ́ka sí ẹni tó ṣe é, bíi apẹja. Iná yẹn ni apèsìjẹ, kì í ṣe Young.

Èwo wá ni pé ọ̀rọ̀ Jámánì kò kàn wá? Oníjó ni Ruth Sorel, ó ti bá Mary Wigman, àgbà oníjó òde òní, jó ní Jámánì, ó dé Montréal ní Kánádà ní 1944, ó sì ń kọ́ni níbẹ̀. Berlin ni wọ́n ti tọ́ Ludmilla Chiriaeff dàgbà kó tó wá dá Les Grands Ballets Canadiens, ẹgbẹ́ oníjó ní Montréal, sílẹ̀ ní 1957. Pite fúnra rẹ̀ jó ní Ballett Frankfurt, ẹgbẹ́ oníjó ní Jámánì, lábẹ́ William Forsythe tó jẹ́ olórí rẹ̀, láti 1996 sí 2001 kó tó dá Kidd Pivot, ẹgbẹ́ tirẹ̀, sílẹ̀. Nígbà tí Kidd Pivot sì fi Frankfurt ṣe ibùgbé láti 2010 sí 2012, wọ́n fi orúkọ ìlú náà kún tiwọn. Ọ̀nà náà kò sì lọ síbì kan ṣoṣo: ọmọ Montréal ni Eric Gauthier tó dá ẹgbẹ́ oníjó Gauthier Dance sílẹ̀ ní Stuttgart ní Jámánì ní 2007. Pite àti Young, elédè Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé Gẹ̀ẹ́sì kò gbé Betroffenheit, wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwa la wá fẹ́ fi "àì-" pa á rẹ́.

Ẹni tó dábàá "ofo" fún àkọlé náà láìfi àmì sí i, èwo nínú wọn? Òfo, òfò, ọfọ̀ àbí ọ̀fọ̀? Kí ẹ tó fèsì, ẹ wá àmì ohùn sórí kọ̀ǹpútà yín ná.

Ní ti "ijó" àti "ìjó" tí ẹ tún gbé dé, "ijó" ni mo bá lẹ́nu àwọn tó kọ́ mi, òun ni n ó sì máa kọ. Ẹni tó ní ìwé tó sọ òdì kejì, kó dárúkọ ojú ìwé.